Mo tú ìpín root palẹ̀, mo tún Linux tò: àkọsílẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta

Irinṣẹ́: kọ̀ǹpútà alágbèéká kan tó ní dísìkì NVMe 256 GB, fláàṣì 8 GB, dísìkì olókùn 1 TB, kọ̀ǹpútà àbúrò mi tí mo yá, àti ìwé kékeré kan tí mo ń kọ gbogbo àṣẹ tí mo bá tẹ̀ sí. Mi ò ná kọ́bọ̀. Àkókò ni mo ná: láti alẹ́ ọjọ́ Ẹtì títí di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ àfọwọ́fà mi.

1. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀

Debian 11 (irú Linux kan) ni mo wà, mo fẹ́ bọ́ sí 12. Mo yí bullseye (orúkọ 11) sí bookworm (orúkọ 12) nínú `/etc/apt/sources.list`, mo tẹ `apt full-upgrade` (apt ló ń mú pákéèjì, ìyẹn àwọn ètò, wá sórí ẹ̀rọ), mo bá lọ wẹ̀. Ìgbà tí mo máa padà dé, ojú kọ̀ǹpútà ti kún fún `No space left on device` láti òkè dé ilẹ̀. Ẹ wo bí mo ṣe pín dísìkì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ (`/`, tí à ń pè ní root, ni ibi tí Linux fúnra rẹ̀ wà; `/home` ni ti fáìlì wa; swap ni àfikún mẹ́mọ́rì; EFI ni ti búùtù):

```
nvme0n1p1   512M   EFI
nvme0n1p2    25G   /        ext4
nvme0n1p3     8G   swap
nvme0n1p4   205G   /home    ext4
```

Nígbà tí mo pín in, mo rò pé 25 GiB ti pọ̀ jù fún root. Pákéèjì tí apt wà jáde fún ìṣípòpadà yìí gba nǹkan bíi 3 GiB nínú `/var/cache/apt/archives`, àkọsílẹ̀ journald gba 2 GiB, kẹ́nẹ̀lì (ọkàn Linux) àtijọ́ mẹ́rin ṣì jókòó sínú `/boot`. Ká ní mo tẹ `df -h /` kí n tó bẹ̀rẹ̀ ni, ǹ bá ti rí i. Mi ò tẹ̀ ẹ́.

Mo wá ṣe àṣìṣe kejì: mo pa ẹ̀rọ, mo tún un tàn. Kẹ́nẹ̀lì tuntun ti wọlé, ṣùgbọ́n ààyè ti tán kí initramfs rẹ̀ (fáìlì tí kẹ́nẹ̀lì fi ń bẹ̀rẹ̀) tó parí. Kò búùtù. Kẹ́nẹ̀lì àtijọ́ búùtù dé ìdajì, ó dúró.

2. Wákàtí mẹ́ta tí mo fi ń tún un ṣe, tí kò ṣeé ṣe

Mo wa ISO Debian live (Debian tó ń ṣiṣẹ́ láti orí fláàṣì) sórí kọ̀ǹpútà àbúrò mi, mo kọ ọ́ sí fláàṣì:

`dd if=debian-live.iso of=/dev/sda1 bs=4M status=progress conv=fsync`

Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ti rí ohun tí mo ṣe. `sda1` ni mo kọ, `sda` ló yẹ. Ẹ̀rọ náà ò tiẹ̀ rí fláàṣì náà nígbà tí mo fẹ́ búùtù, mo sì fi ogójì ìṣẹ́jú bú BIOS kí n tó padà wo ìwé mi. Gbogbo fláàṣì ni ISO gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí rẹ̀, kì í ṣe inú ìpín kan lára rẹ̀. Kí ẹ sì tẹ `lsblk` kí ẹ tó tẹ `dd`, nítorí bó bá jẹ́ dísìkì olókùn mi ló ń jẹ́ `sda` lálẹ́ ọjọ́ náà, ìtàn mìíràn là bá máa sọ.

Nígbà tó búùtù, mo so ìpín root mọ́ `/mnt`, mo `chroot` sínú rẹ̀ (kí àṣẹ mi máa ṣiṣẹ́ bí ẹni pé inú rẹ̀ ni mo búùtù sí), mo tẹ `apt clean` kí ààyè lè wà, mo wá tẹ `dpkg --configure -a`, èyí tó ń parí pákéèjì tó dúró sáàárín. Ó ń sá lọ, ó dúró. Mo yọ pákéèjì tó dúró lé lórí, ó tún sá díẹ̀, òmíràn dá a dúró. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń fà á títí aago kan òru fi lù. Ìdajì ẹ̀rọ wà ní 11, ìdajì wà ní 12. Mo lè máa bá a jà títí yóò fi dìde, ṣùgbọ́n bó bá dìde náà, inú 25 GiB ló ṣì máa wà. Mo pinnu pé ilẹ̀ ni mo máa wó o dé.

3. Ẹ̀dà ìpamọ́

Mi ò ní fọwọ́ kan `/home`, àmọ́ ẹni tó bá máa tún dísìkì pín láì ní ẹ̀dà ń wá ẹkún ni. Mo so ó ní kíkà-nìkan, láìjẹ́ kó tún journal rẹ̀ (ìwé ìrántí ohun tó ń kọ) tò, kí n má bàa yí ohunkóhun padà lórí rẹ̀:

`mount -o ro,noload /dev/nvme0n1p4 /mnt/ile`

Mo wá di í sínú fáìlì tar kan ṣoṣo lórí dísìkì olókùn. Ó dé 4.0 GiB, ó ní `File too large`. FAT32 (ọ̀nà kan tí dísìkì fi ń to fáìlì) ni dísìkì olókùn yẹn, FAT32 kò sì lè gba fáìlì kan tó tó 4 GiB. Mi ò lè pa á rẹ́, nítorí fọ́tò àwọn ẹlòmíràn wà lórí rẹ̀. Ohun tó gbà mí nìyí:

`tar -C /mnt/ile -cpf - . | split -b 3900M - ile.tar.`

Ó já sí fáìlì méjìlélógójì, `ile.tar.aa`, `ile.tar.ab`, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Kí n tó gbà pé ó pé, mo tẹ `cat ile.tar.* | tar -tf - > akojo.txt`, mo wo ìparí àkójọ náà, mo sì rí i pé kò já lójú ọ̀nà. Ẹ̀dà tí ẹ ò bá tíì kà padà, ẹ má tíì pè é ní ẹ̀dà.

Lára root, mo kó `/etc`, `/usr/local` àti `/root`. Mo wọ chroot, mo kọ orúkọ gbogbo pákéèjì tí mo fọwọ́ ara mi fi síbẹ̀ sínú fáìlì kan: `apt-mark showmanual > pakeeji.txt`. Mo rò pé mo ti kó gbogbo ohun tó jẹ́ tèmi.

4. Ext4, XFS, àbí Btrfs?

Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ ọ̀nà tí ìpín dísìkì fi ń to fáìlì. Ibí ni mo ti pẹ́ jù, mo sì fẹ́ ṣàlàyé bí mo ṣe rò ó.

Ext4 ni mo ti ń lò látijọ́. Kẹ́nẹ̀lì 2.6.28 ti December 2008 ni wọ́n ti gbà pé ó ti gbó tó lílò, láti ìgbà náà ló sì ti ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ láìpariwo. Ó ṣeé fẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, ó ṣeé sún kì bí ẹ bá tú u kúrò níbi tí ẹ so ó mọ́. Bí iná bá lọ lójijì, `e2fsck` mọ ohun tó máa ṣe. Ìṣòro tèmi kì í ṣe iná, ìmúdójúìwọ̀n tó bàjẹ́ ni, lórí ext4 nìkan kò sì sí bí mo ṣe lè sọ fún root pé kó padà sí bó ṣe rí láàárọ̀.

XFS: ilé iṣẹ́ SGI ló ṣe é fún IRIX, ètò kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó wọ Linux ní 2001, ó sì lágbára lórí fáìlì ńláńlá. Ṣùgbọ́n a kì í sún un kì. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jìyà ìpín tí mi ò wọ̀n dáadáa, mi ò ní tún lọ mú èyí tí mi ò ní lè dín kù lọ́la.

Btrfs wọ kẹ́nẹ̀lì ní 2009, Fedora Workstation (Linux mìíràn) sì sọ ọ́ di èyí tó ń lò bí ẹ ò bá yan òmíràn, láti ẹ̀dà 33 ní 2020. Ohun mẹ́ta ló fà mí. Àkọ́kọ́ ni snapshot: mo lè mú root bó ṣe wà báyìí, kí n fi pamọ́ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kò sì ní gba ààyè àfi bí nǹkan bá ti ń yí padà. Èkejì ni pé ó lè fi zstd fún fáìlì pọ̀, èyí tó ṣe pàtàkì fún ẹni tí ààyè há mọ́. Ẹ̀kẹta ni pé ó ń ṣírò checksum (nọ́ńbà tí a fi ń mọ̀ bóyá fáìlì ti yí padà) gbogbo ohun tó kọ, kò ní fi fáìlì tó ti jẹrà fún mi bí ẹni pé ó dá.

Ohun tí mi ò fẹ́ lára rẹ̀ náà wà. Àlàyé tí `df` ń ṣe nípa ààyè kì í pé, `btrfs filesystem usage` ni ká máa wò. `btrfs check --repair` kì í ṣe ohun tí a ń fi ìbẹ̀rù tẹ̀ láàárín òru bí a ṣe ń tẹ `fsck`. Lórí dísìkì kan ṣoṣo, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń kọ metadata (àlàyé nípa fáìlì), ẹ̀ẹ̀kan ló ń kọ data, nítorí náà bí fáìlì mi bá jẹrà, `scrub` (àyẹ̀wò checksum gbogbo ìpín) á sọ fún mi, kò ní lè wò ó sàn.

Mo ronú títí: root ni mo máa ń bà jẹ́, `/home` ò ṣe mí ní nǹkan kan. Btrfs fún root, kí ext4 máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ ní `/home`. Ẹni tí kò bá fẹ́ kọ́ àṣẹ tuntun kankan, kí ó dúró sórí ext4, kí ó sáà fún root ní 40 GiB. Kò pàdánù ohun tó pọ̀.

5. Pípín àti fífi sórí ẹ̀rọ

Láti fẹ̀ root, ọ̀nà méjì ló wà. Mo lè gé iwájú `/home` kúrò, èyí túmọ̀ sí pé GParted á máa gbé 205 GiB sún síwájú fún wákàtí pípẹ́, bí iná bá sì lọ láàárín, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Tàbí kí n gba 8 GiB swap tó wà láàárín wọn. Mo mú èkejì: 25 àti 8 jẹ́ 33 GiB. Swap á di fáìlì 4 GiB nínú `/home`, lórí ext4, nítorí fáìlì swap lórí Btrfs ní òfin tirẹ̀, kò sì jẹ́ kí ẹ ya snapshot ibi tó bá wà nígbà tó ń ṣiṣẹ́.

Nínú àtòjọ búùtù fláàṣì náà mo yan "Start installer", mo yan pípín àfọwọ́ṣe. Mo pa p2 àti p3 rẹ́, mo fi ààyè wọn dá p2 tuntun, Btrfs, `/`. P1: ó ti jẹ́ EFI, mi ò fọwọ́ kàn án. P4: ext4, `/home`, mo sì ka ìlà tó ní kí a pa data tó wà níbẹ̀ mọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó tẹ Enter. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, kí n má purọ́. Ogún ìṣẹ́jú lé, ó parí.

6. Èmi ni mò ń jẹ́ àbúrò mi

Mo wọlé, ojú ìwé òfo ni mo bá, kò sí àtòpọ̀ mi kankan. `ls -ln /home` ló tú àṣírí: Linux ń fi nọ́ńbà mọ ẹni tó ni fáìlì, fódà mi jẹ́ ti 1001, nọ́ńbà tí installer wá fún mi ni 1000. Àbúrò mi ló kọ́kọ́ ni ẹ̀rọ yìí, òun ni 1000 látijọ́. Gbogbo fáìlì rẹ̀ ti di tèmi, tèmi sì ti di ti ẹni tí kò sí. Ó wo ẹ̀yìn mi, ó rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò ní ka lẹ́tà mi o."

Mo wọlé gẹ́gẹ́ bí root (alákòóso ẹ̀rọ, kì í ṣe ìpín) láti `tty2` (ojú ìtẹ̀ àṣẹ lásán), kí n má bàa yí nọ́ńbà ẹni tó wà lórí àga:

```
groupmod -g 1001 emi
usermod -u 1001 -g 1001 emi
groupadd -g 1000 aburo
useradd -u 1000 -g 1000 -M -d /home/aburo -s /bin/bash aburo
```

Mo tún wọlé, ohun gbogbo ti padà sáyè rẹ̀.

Bí mo ṣe wà ní `/home`, mo tún ṣe ohun kan tó yẹ kí n ti ṣe tipẹ́. Ext4 máa ń fi 5% ààyè pamọ́ fún root alákòóso. Ìyẹn dára lórí ìpín ètò, àmọ́ lórí 205 GiB tó jẹ́ kìkì fáìlì mi, 10 GiB ló ń sùn lásán. `tune2fs -m 1 /dev/nvme0n1p4`, 8 GiB padà sọ́wọ́ mi.

7. Orúkọ tó gbé mi ṣubú

Installer Debian máa ń pe subvolume (ìpín kékeré inú Btrfs) root ní `@rootfs`. Timeshift, tí mo fẹ́ fi máa ya snapshot, `@` ló ń wá. Mo ní kí ló tún le níbẹ̀:

```
mount -o subvolid=5 /dev/nvme0n1p2 /mnt
mv /mnt/@rootfs /mnt/@
```

Mo tún un ṣe nínú `/etc/fstab` (àtòjọ ìpín tí ẹ̀rọ máa so bó bá ń búùtù), mo tún ẹ̀rọ tàn. Ojú dúdú, `grub>` nìkan ló ń ṣẹ́jú sí mi. GRUB, ètò tó ń búùtù ẹ̀rọ, ṣì ń wá fáìlì rẹ̀ nínú `@rootfs`, mo sì gbàgbé pé òun náà mọ orúkọ yẹn.

Ó dùn mọ́ mi pé mi ò sáré gbé fláàṣì. Mo tẹ `ls (hd0,gpt2)/`, ó dá mi lóhùn: `@/`. Ó wà níbẹ̀. Mo bá tẹ:

`configfile (hd0,gpt2)/@/boot/grub/grub.cfg`

Àtòjọ búùtù yọ. Mi ò tíì tẹ Enter, nítorí inú àtòjọ náà ṣì ń sọ `@rootfs`. Mo tẹ `e`, mo yí i sí `@` níbi mẹ́ta: níwájú ọ̀nà `vmlinuz`, lẹ́yìn `rootflags=subvol=`, àti níwájú ọ̀nà `initrd`. Ctrl-x. Ó búùtù. (Bí bọ́tìnnì yín kì í bá ṣe ti US, ẹ wá ibi tí @ wà lórí ti US kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí òun nìkan ni GRUB gbọ́.) Nígbà tí mo wọlé, `grub-install` àti `update-grub`, ó tán.

Mo fi `compress=zstd:1` kún ìlà root nínú fstab. Ohun tó bá wọlé lẹ́yìn rẹ̀ nìkan ló ń fún pọ̀, nítorí náà mo tẹ `btrfs filesystem defragment -r -czstd /` kí ó lè kan ti àtẹ̀yìnwá. Kí ẹ ṣe èyí kí ẹ tó ya snapshot àkọ́kọ́ o, nítorí ó máa ń tú ohun tí snapshot àti root jọ ń pín, ààyè á sì di ìlọ́po méjì. Lẹ́yìn tí pákéèjì mi padà tán (`xargs apt install -y < pakeeji.txt`, mo kọ́kọ́ yọ mọ́kànlá tí orúkọ wọn ti yí padà ní 12), `compsize -x /` sọ pé ohun tó yẹ kó gba 11 GiB, 6.2 GiB ló gbà.

8. Ohun tí mo gbàgbé

Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, mo fẹ́ kọ owó tí mo ná sínú àkọsílẹ̀ ìnáwó mi. Inú PostgreSQL, ètò database kan, ló wà. `/var/lib/postgresql` ni PostgreSQL ń gbé. Mo dúró bí ère. `/etc` ni mo kó, `/usr/local` ni mo kó, `/var/lib` ni mo wó palẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara mi.

Orí ló kó mi yọ: fáìlì `pg_dump` (ẹ̀dà database náà) kan wà nínú `/home`, ó ti pé ọjọ́ mẹ́rìndínlógún. Mo dà á padà, ó wọlé láìjanpata bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti 13 bọ́ sí 15 ni. Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún tó kù, inú àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì ni mo ti ń ṣà wọ́n jọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó gbà mí ní wákàtí kan àbọ̀.

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́ pé mo tún un ṣe. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni mo dán ìpadàsẹ́yìn wò, kí n lè mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́ kí ọjọ́ ìpọ́njú tó dé. Mo ti ya snapshot `@mimo` lẹ́yìn tí mo da dump náà padà. Mo yọ àwọn pákéèjì tábìlì (ojú tí à ń tẹ̀ láti ṣí ètò) kúrò lọ́wọ́ ara mi, mo rí i pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́ dáadáa, mo wá tẹ:

```
mount -o subvolid=5 /dev/nvme0n1p2 /mnt
mv /mnt/@ /mnt/@baje
btrfs subvolume snapshot /mnt/@mimo /mnt/@
reboot
```

Ó jí, tábìlì padà, mo fò sókè. Mo ṣí àkọsílẹ̀ ìnáwó: wákàtí kan àbọ̀ tí mo fi ṣa ọjọ́ mẹ́rìndínlógún jọ ti pòórá, nítorí `/var/lib` náà bá root padà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí wọ́n ṣì wà nínú `@baje`. Mo dá PostgreSQL dúró, mo tún so Btrfs mọ́ `/mnt` bíi ti tẹ́lẹ̀, mo dá ilé tirẹ̀ sílẹ̀ fún un, níbi tí snapshot root kò dé:

```
btrfs subvolume create /mnt/@pg
chattr +C /mnt/@pg
cp -a --reflink=never /mnt/@baje/var/lib/postgresql/. /mnt/@pg/
```

`chattr +C` ní kí Btrfs máa kọ sórí ibi àtijọ́ dípò kó máa wá ibi tuntun, nítorí database tó ń kọ díẹ̀díẹ̀ láìdúró máa ń já sí wẹ́wẹ́. Òfìfo ni fódà gbọ́dọ̀ wà kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, checksum kò sì sí fún ohun tó wà nínú rẹ̀ mọ́, nítorí náà `pg_dump` alaalẹ́ ti wà nínú cron, tó ń tẹ àṣẹ fúnra rẹ̀ lásìkò, báyìí. Mo fi ìlà kan kún fstab tó so `@pg` mọ́ `/var/lib/postgresql`, mo ṣe irú rẹ̀ fún `/var/log` pẹ̀lú `@log` (láìsí `+C`), kí n lè rí ohun tó bàjẹ́ kà lẹ́yìn tí mo bá ti padà sẹ́yìn.

9. Ibi tó dé

Oṣù méjì àbọ̀ ti kọjá. Root ń lo 14 nínú 33 GiB, snapshot márùn-ún wà nínú rẹ̀. Mò ń ṣe `btrfs scrub start /` lẹ́ẹ̀kan lóṣù, nǹkan bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ló ń gbà, kò tíì rí àṣìṣe kankan. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo ṣe ìmúdójúìwọ̀n, ojú kọ̀ǹpútà ò tàn mọ́. Mo padà sẹ́yìn láti `tty2`, ìṣẹ́jú mẹ́rin, mo ṣí àkọsílẹ̀ ìnáwó kí n tó ṣí ohunkóhun mìíràn: ó pé. Àbúrò mi ti gba kọ̀ǹpútà rẹ̀. Fláàṣì ṣì wà lọ́wọ́ mi, mo ti lẹ bébà mọ́ ọn lára, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé `sda`, kì í ṣe `sda1`.